Ta ló san owó ọkọ̀ àwọn Áíríìṣì tí ìyàn lé jáde nílé?

Àdùkẹ́ Roscommon
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan ń jà gùdù lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ ìtàn kò wọ́n níbí.

Roscommon ní Ireland ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú kékeré kan wà nítòsí wa tó ń jẹ́ Strokestown. Ilé ńlá onílẹ̀ ayé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìtàn ìyàn. Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ní ìsinmi, ohun tí mo rí kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní 1845 ni àrùn kan wọ inú pòtétò, èyí tí àwọn alájàpá wa ń pè ní Áíríìṣì. Nígbà tí yóò fi di 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ti kú, àwọn tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1841, wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ní 1851, mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ ló kù.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ẹni tí kò rí oúnjẹ òòjọ́, tí wọ́n ti wó ahéré rẹ̀ lé e lórí, níbo ló ti rówó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà? Àwa tí a jápa lóde òní mọ ohun tí ojú wa rí kí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó pé. Ẹlòmíì ta ilẹ̀, ẹlòmíì kó àjọ, ẹlòmíì ṣì ń san gbèsè rẹ̀ dòní. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?

Tísà Ìtàn
Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú àròjinlẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àwọn tó tálákà jù lọ kò lọ ibì kankan. Ilé ni wọ́n kú sí, tàbí ojú ọ̀nà, tàbí inú ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, níbi tí wọ́n ti ń ya ọkọ nípá lọ́dọ̀ ìyàwó, tí wọ́n sì ń ya ọmọ lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá rí ṣílè díẹ̀ tù jọ a gun ọkọ̀ lọ sí Liverpool, gbangba orí ọkọ̀ ni yóò dúró sí, nínú òjò àti òtútù. Ní 1847 nìkan, nǹkan bíi 300,000 Áíríìṣì, àwọn ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ọ̀pọ̀ kò rí ibòmíràn lọ láti ibẹ̀.

Ẹni tí yóò dé Amẹ́ríkà ní láti ní bíi pọ́n-ùn mẹ́ta sí márùn-ún lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ ló lè rí irú owó bẹ́ẹ̀. Wọn a dá ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn dúró, wọn a ta màlúù tó kù, wọn a sì sá lóru kí aṣojú onílẹ̀ tó gbọ́. Kánádà ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń lọ nítorí pé owó ọkọ̀ ibẹ̀ kéré. Ọkọ̀ tó ń kó gẹdú láti Quebec wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ẹrù gbé padà, èèyàn ni wọ́n wá ń kó sí àyè gẹdú.

Òfin kan tún jáde ní 1847 pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju ìdámẹ́rin éékà kan lọ kò gbọ́dọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba, àfi tó bá yọwọ́ lórí ilẹ̀ náà. Bí o bá fẹ́ jẹun, kọ ilẹ̀ rẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kọ ilẹ̀ sílẹ̀, kí ló kù tí yóò dúró ṣe?

Gbẹ́nró
Tísà, ẹ ṣeun sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, pòtétò nìkan ṣá? Omi ló yí ilẹ̀ yẹn ká. Ṣé wọn kò lè pẹja ni? Ṣé kò sí ọkà, kò sí ẹran?

Tísà Ìtàn
Oúnjẹ wà, Gbẹ́nró. Ibi tó ti ń dun èèyàn nìyẹn. Ọkà, bọ́tà àti màlúù ń gba èbúté jáde lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọdún ìyàn náà. Ohun tí àgbẹ̀ gbìn láti tà ló fi ń san ìṣákọ́lẹ̀, pòtétò ló wà fún ẹnu òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló jẹ́ pé òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Irúfẹ́ kan tó ń jẹ́ Lumper ni àwọn tálákà sì ń gbìn jù, nítorí pé kò kọ ilẹ̀ tó ti ṣá. Nígbà tí àrùn dé, kò bá irú mìíràn tó lè dúró dè é lóko wọn. Ní ti ẹja, ọ̀pọ̀ apẹja ti fi àwọ̀n àti ohun èlò wọn dógò kí wọ́n lè rí ohun fi sẹ́nu.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Trevelyan, òun ló wà nídìí owó ìrànlọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbà pé kí ìjọba má ti ọwọ́ bọ ọjà, pé ọjà yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1848 pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, inú ṣì ń bí mi bí mo bá dé orí rẹ̀.

Àdùkẹ́ Roscommon
Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Ọ̀tọ̀ ni bí ti Strokestown ṣe rí. Onílẹ̀ ló san owó ọkọ̀ wọn, Denis Mahon lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣírò fún un pé kíkó wọn lọ sí Kánádà yóò dín owó kù ju kó máa san owó orí tí wọ́n fi ń bọ́ wọn nínú ilé àwọn aláìní lọ. Ní oṣù Karùn-ún 1847, èèyàn 1,490 fẹsẹ̀ rìn láti Strokestown dé Dublin, wọ́n ń tọ bèbè omi tí wọ́n gbẹ́ tó ń jẹ́ Royal Canal, nǹkan bíi kìlómítà 165. Láti Dublin wọ́n wọkọ̀ lọ sí Liverpool, láti Liverpool wọ́n wọ òmíràn lọ sí Quebec. Ọkọ̀ kan nínú wọn ń jẹ́ Virginius. Èèyàn 476 ló wọ̀ ọ́, àwọn 158 ti kú kí ó tó gúnlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Mahon.

Lónìí, wọ́n ti fi idẹ rọ bàtà ọmọdé, wọ́n gbé e ka orí òpó káàkiri ọ̀nà tí àwọn èèyàn yẹn rìn. Mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan. Bàtà náà tutù, ó kéré, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọ tó ń wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀, a óò ní kó rin kìlómítà 165 lórí ebi! Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrin ní Boston
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ pósí ni wọ́n ń pe irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibà tí iná aṣọ ń kó ran èèyàn ló ń pa wọ́n nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fún pọ̀ mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erékùṣù kan wà lójú odò ṣáájú ìlú Quebec tó ń jẹ́ Grosse Île, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àwọn aláìsàn dúró. Ní 1847, èèyàn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 5,000. Àwọn ìdílé tó ń sọ Faransé gba àwọn ọmọ òrukàn wọn tọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa jẹ́ orúkọ bàbá wọn lọ. Ọlọ́run á sàn án fún wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín gan-an. Onílẹ̀ tó sanwó kò pọ̀. Ìjọba náà san fún ìwọ̀nba, irú bí àwọn ọmọbìnrin òrukàn tó lé ní 4,000 tí wọ́n kó láti ilé àwọn aláìní lọ sí Ọsirélíà láàárín 1848 sí 1850. Ẹni tó san owó ọkọ̀ jù lọ ni ẹni tó ti lọ ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n á dé Boston, á ṣiṣẹ́, á sanwó tíkẹ́ẹ̀tì níbí, wọ́n á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò nílé. Àbúrò á dé, àwọn méjèèjì á pawọ́ pọ̀ gbé ẹlẹ́kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni odidi abúlé ṣe ń ṣí tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n á sì tún dé máa gbé òpópónà kan náà.

Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù: àwọn obìnrin kó ipa tó pọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ọkùnrin ló ń lọ jù. Láti Ireland lẹ́yìn ìyàn, obìnrin tó ń lọ tó ọkùnrin, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì lọ́kọ. Ọkùnrin ń gbẹ́ ipa omi, ó ń tẹ́ ojú irin, ó ń ru bíríkì. Iṣẹ́ á dúró nígbà òtútù, owó ilé kò ní dúró. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ New Basin Canal ní New Orleans ní àwọn ọdún 1830, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Áíríìṣì ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa sínú ẹrẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ní tirẹ̀ ń sùn nílé ọ̀gá, ó ń jẹun nílé ọ̀gá. Yàrá kótópó lábẹ́ òrùlé ni wọ́n ń fún un, òun ló ń jí ṣáájú gbogbo ilé láti dáná, Ọjọ́bọ̀ ló sì sábà máa ń rí fi sinmi díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bridget ni àwọn ọ̀gá ń pe gbogbo wọn, ohun yòówù kí bàbá wọn sọ wọ́n. Àmọ́ owó oṣù rẹ̀ kò ní ihò tó ń gbà jò. Ó lè fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́. Àwọn Áíríìṣì dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní New York ní 1850, Emigrant Savings Bank, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ wọ̀nyí sì wà lára àwọn tó ń fi owó pamọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ta ló sanwó ọkọ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìyá Bọ́lá
Ọmọ Ìlọrin, o ṣeun, ọmọ mi. Èyí tó o sọ yìí gún mi lọ́kàn. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, Áíríìṣì sì pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tó wá láti Mayo sọ fún mi pé láyé ìyá-ìyá òun, bí ọmọ bá fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, àìsùn ni wọ́n ń ṣe fún un, bí ìgbà tí èèyàn kú. Àwọn ará àdúgbò á pé sílé, wọ́n á mu ọtí, wọ́n á jó, àwọn ìyá àgbà á sì máa sunkún arò lé ẹni tó jókòó síwájú wọn láàyè. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sìn ín dé ibì kan lójú ọ̀nà, wọ́n á yí padà. Wọ́n mọ̀ pé ojú àwọn àti òun kò ní pàdé mọ́ láyé.

Tí lẹ́tà bá wá dé láti Amẹ́ríkà, pàápàá lásìkò Kérésìmesì, ẹni tó mọ̀wé ládùúgbò ló máa kà á sókè fún gbogbo ilé, wọ́n á yọ owó inú rẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ra bàtà fún àwọn tó kù. Kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ìyàn tán. Lẹ́yìn ìyàn, àwọn bàbá kò pín oko mọ́, ọmọ kan ló ń jogún. Àwọn yòókù ti mọ̀ láti kékeré pé ọkọ̀ ni àwọn máa wọ̀.

Gbẹ́nró
Mà, mo ń kà á, ara mi ń bù máṣọ. Mo ti kà á níbì kan pé ẹrú ni wọ́n fi àwọn Áíríìṣì ṣe ní Amẹ́ríkà, pé ìyà wọn kò yàtọ̀ sí tàwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìlọrin ní Boston
Rárá o, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, má ṣe tan ìyẹn kálẹ̀. Ìyà jẹ àwọn Áíríìṣì gidi. Wọ́n dáná sun ilé àwọn sísítà Àgùdà ní Charlestown, ẹ̀gbẹ́ Boston níbí, ní 1834. Wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Philadelphia ní 1844. Ní àwọn ọdún 1850, odidi ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá àwọn àlejò àti ìjọ Àgùdà jà. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ pé kí Áíríìṣì má yọjú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ta ọmọ Áíríìṣì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà. Ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lè lọ sílé ẹjọ́, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó lè di ọmọ ìlú, kó sì dìbò. Òfin 1790 sọ pé aláwọ̀ funfun tó lómìnira ló lè di ọmọ ìlú, àwọn Áíríìṣì sì wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún.

Apá kan nínú ìtàn náà tiẹ̀ burú jáì. Ní oṣù Keje 1863, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba ń fi tipá kó ọkùnrin wọṣẹ́ ológun, ẹni tó bá sì ní 300 dọ́là lè fi ra ara rẹ̀ kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ní New York fárí gá, Áíríìṣì ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó yá, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n yíjú sí. Wọ́n so wọ́n rọ̀ sórí òpó iná, wọ́n sì dáná sun ilé àwọn ọmọ òrukàn dúdú tó wà ní Fifth Avenue. Ọmọ tó wà nínú ilé náà lé ní 200, Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Èmi ọmọ Yorùbá tí mò ń gbé Boston kò lè ka ìtàn ìyàn náà kí n fo èyí.

Tísà Ìtàn
Òdodo ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí Gbẹ́nró mọ apá kejì rẹ̀ náà. Frederick Douglass, tó ti jẹ́ ẹrú rí, dé Ireland ní 1845, lọ́dún tí àrùn pòtétò bẹ̀rẹ̀. Oṣù bíi mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ó sì jókòó láàárín wọn bí èèyàn. Daniel O'Connell, aṣáájú àwọn Áíríìṣì nígbà náà, kórìíra òwò ẹrú dé ọ̀run. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun àti bíi 60,000 èèyàn ti fọwọ́ sí lẹ́tà kan tí wọ́n kọ sí àwọn ará wọn ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n dúró ti àwọn tó ń jà fún òmìnira ẹrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà kọtí ọ̀gbọin sí i. Wọ́n ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú du iṣẹ́ kan náà ní èbúté, wọ́n sì ti rí i pé àwọ̀ ara àwọn lè gbé àwọn ga. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ panápaná, àti òṣèlú ìlú. Ọmọ-ọmọ-ọmọ ẹni tó kúrò ní Wexford nígbà ìyàn ló di ààrẹ ní 1961, John F. Kennedy.

Ohun tí wọ́n pàdánù tó dùn mí jù ni èdè. Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Áíríìṣì jù, ni ìyàn ti jà jù. Àwọn tó kù rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbani síṣẹ́ ní Boston. Wọ́n a so igi kékeré mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìgbàkigbà tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi ọ̀bẹ gé àmì sí igi náà, tílẹ̀ bá ṣú wọ́n a ka àmì, wọ́n a fi na ọmọ. Àwọn òbí gan-an fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín nílé ìwé nítorí pé ẹ sọ Yorùbá, mi ò ní láti túmọ̀ èyí fún yín.

Ìyá Bọ́lá
Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo bá wọn, kò rọrùn fún wọn náà. Ní àwọn ọdún 1950, bíi 400,000 ló kúrò ní Ireland, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn wá. Àwọn ọkùnrin kọ́ títì àti ilé, àwọn obìnrin kún ilé ìwòsàn. Àwọn tó ṣáájú wa dé sọ fún wa pé onílé a máa lẹ bébà mọ́ fèrèsé pé òun kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, òun kò fẹ́ Áíríìṣì. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún ní Birmingham ní 1974, wọ́n kó Áíríìṣì mẹ́fà sẹ́wọ̀n lórí ohun tí wọn kò ṣe, 1991 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Mayo a máa rọra sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn, kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àdùkẹ́ Roscommon
Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti rí ìdáhùn mi, ó sì ju ohun tí mo bèèrè lọ.

Mo fẹ́ sọ èyí láti ibi tí mo wà. Nígbà tí àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ireland púpọ̀, àwọn ará ibí dìbò ní oṣù Kẹfà 2004, bíi 79 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i pé kí ọmọ tí wọ́n bí síbí má di ọmọ ìlú mọ́ kìkì nítorí ibi tí wọ́n bí i sí. Ó dun ọ̀pọ̀ wa. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ wà níbi gbogbo láyé! Ṣùgbọ́n ní 2007, Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọdán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, di méyọ̀ ní Portlaoise, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọdún 2000 ló dé, ó wá ibi ìsádi. Àwọn Áíríìṣì kan náà ni wọ́n dìbò fún un. Mo ń ru méjèèjì pọ̀ lọ́kàn, mi ò lè yan ọ̀kan.

Màmá kan wà tí mò ń tọ́jú, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ, òun ló kù sílé pẹ̀lú àwọn òbí. Ó bi mí bóyá mò ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lóṣooṣù. Ó ní, "Wọ́n ń fi tiwa ránṣẹ́ náà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú tí kálukú ń gbé.

Gbẹ́nró
Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀ wá kàwé ní Cork nínú oṣù Kẹsàn-án, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ibo ni mo lè lọ fojú ara mi rí nǹkan wọ̀nyí?

Àdùkẹ́ Roscommon
Á dára fún ẹ o. Tóò, o ti bọ́ síbi tó yẹ. Wọ ọkọ̀ ojú irin ní Cork lọ sí Cobh, kò tó wákàtí kan. Èbúté yẹn ni bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ èèyàn gbà jáde láàárín 1848 sí 1950. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ère Annie Moore náà wà létí omi pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé ní Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò wọlé sí Amẹ́ríkà ní New York, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1892. Àwọn òbí rẹ̀ ti wà ní New York ṣáájú. Mú aṣọ òtútù dání, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Tó o bá sì fẹ́ wá sí Strokestown, kọ̀wé sí mi, ilé wa ni wàá sùn.